Ààbọ̀ niútírọ́ọ̀nù tí mo kọ sójú pátákó

Ọdún 2004 ni. Mo ti jáde girama, mo ń dúró de ilé ẹ̀kọ́ gíga, wọ́n wá gbà mí síbi kan ní Ìbàdàn tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́. Ṣọ́ọ̀bù méjì ni, tí wọ́n wó ògiri àárín wọn: bẹ́ǹṣì méje, àti pátákó kan tó ti ṣá débi pé ṣọ́ọ̀kì kì í fẹ́ mú un mọ́. Kẹ́mísìrì ni wọ́n ní kí n máa kọ́ wọn. B3 ni mo gbà nínú rẹ̀, mo sì ń fi B3 yẹn yan kiri àdúgbò bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo kọ chlorine, ọ̀kan nínú àwọn ẹ́límẹ́ǹtì, ìyẹn àwọn ohun ìpìlẹ̀ tí gbogbo nǹkan fi pilẹ̀, sójú pátákó. Nọ́ńbà átọ́ọ̀mù rẹ̀, 17. Ìwúwo rẹ̀, 35.5. Mo ní, "Ẹ yọ 17 kúrò nínú 35.5. Iye tó bá kù ni niútírọ́ọ̀nù inú rẹ̀." Niútírọ́ọ̀nù jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun tín-ín-tìn-tín tó wà nínú átọ́ọ̀mù, hóró ẹ́límẹ́ǹtì tó kéré jù lọ. Gbogbo àwọn ọmọ dorí kodò, wọ́n ń kọ ọ́: 18.5. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀ kó lè hàn dáadáa.

Ọmọbìnrin kan wà tó máa ń jókòó sẹ́yìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ìyá Ìbéèrè làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Ó nawọ́.

"Bùọ̀dá, ààbọ̀ niútírọ́ọ̀nù yẹn, ta ló gé e? Apá kejì ńkọ́?"

Ẹ̀rín sọ. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí mi ò rí nǹkan mìíràn ṣe. Mo ní kó jókòó, pé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé nìyẹn. Irọ́ ni mo pa. Kò sí ìwé kankan tó sọ bẹ́ẹ̀. Ìwé sọ pé 35.5, èmi ni mo fúnra mi dá 18.5 sílẹ̀.

Kí ẹ lè mọ bí mo ṣe débẹ̀, orin ni wọ́n fi kọ́ wa ní tábìlì àwọn ẹ́límẹ́ǹtì, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Periodic Table. Ẹ̀yin tí ẹ ka sáyẹ́ǹsì ní girama mọ̀ ọ́n. Kí olùkọ́ tó wọlé la ti máa ń ké e: hydrogen, helium, lithium, beryllium, boron, títí a ó fi dé orí calcium, tí í ṣe ìkogún. 20 yẹn ló ń jáde nínú ìdánwò, 20 yẹn la mọ̀. Ẹni tó bá ṣì í, ẹgba. Mo mọ̀ ọ́n débi pé mo lè kà á láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú bí ẹni ń fi ara hàn. Àmọ́ ká ní ẹnìkan bi mí pé kí ló dé tí sodium fi wà lábẹ́ lithium, tí kò sí lábẹ́ boron, ohun tí mi ò bá sọ ni pé ibẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí.

Nílé tí mò ń gbé nígbà náà, bàbá kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Bàbá Olùkọ́ ni gbogbo ilé ń pè wọ́n. Rédíò wọn kì í sinmi láti àárọ̀ dalẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jókòó sórí àpótí, mo rojọ́ ara mi. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

"Kí ni 17 yẹn ń kà?"

Mo ní nọ́ńbà átọ́ọ̀mù ni, sà.

"Mi ò bi ọ́ lórúkọ rẹ̀. Mo ní kí ló ń kà."

Mo ronú. Mo ní pírótọ́ọ̀nù ni, ohun mìíràn tó wà nínú átọ́ọ̀mù.

"Ó dáa. 35.5 ńkọ́, kí ni òun ń kà?"

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu mi. Bàbá na ọwọ́ sí rédíò, wọ́n dín ariwo rẹ̀ kù, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà máa pẹ́.

Wọ́n ní kí n gbà pé èèyàn mẹ́rin dá owó jọ. Mẹ́ta nínú wọn mú ₦35 wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnì kẹrin mú ₦37. Èló ni gbogbo rẹ̀? Mo ní ₦142. Kí n pín in sọ́nà mẹ́rin. Mo ní ₦35.50.

"Ó dáa. Nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ta ló mú 50 kọ́bọ̀ wá?"

Kò sẹ́ni tó mú un wá. Mo jókòó síbẹ̀, ojú ń tì mí, inú mi sì ń dùn, bí ìgbà tí èèyàn wá kọ́kọ́rọ́ kiri títí tó sì bá a lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Irú chlorine méjì ló wà káàkiri ayé. Pírótọ́ọ̀nù 17 ló wà nínú àwọn méjèèjì, 17 yẹn gan-an ló sì sọ wọ́n di chlorine. Bó bá di 18, ó ti di argon, bó bá di 16, imí-ọjọ́ nìyẹn. Àmọ́ ọ̀kan gbé niútírọ́ọ̀nù 18, èkejì gbé 20. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀kan wọn 35, kí èkejì wọn 37. Bí a bá sì bu chlorine láti inú iyọ̀ tàbí láti inú omi òkun, nínú mẹ́rin-mẹ́rin, bíi mẹ́ta á jẹ́ oní-35, ọ̀kan á jẹ́ oní-37. Wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n pín in, ó bọ́ sí 35.5. Kò sí átọ́ọ̀mù chlorine kankan láyé tó wọn 35.5. Nọ́ńbà yẹn kò ka ohunkóhun tí èèyàn lè he. Isotope ni wọ́n ń pe irú àwọn ọmọ ìyá bẹ́ẹ̀, tí orúkọ wọn jẹ́ ọ̀kan, tí ẹrù orí wọn ò dọ́gba.

Lọ́jọ́ kejì, mo padà lọ, mo pa 18.5 rẹ́, mo sọ fún àwọn ọmọ náà pé mo ṣì wọ́n lọ́nà, mo sì ní kí wọ́n dá owó jọ. Ìyá Ìbéèrè kò rẹ́rìn-ín músẹ́ pàápàá, ó kàn ń kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ọ̀gá tó ni ibẹ̀ pè mí nígbà tó yá pé kí n má dán irú ẹ̀ wò mọ́, pé tí olùkọ́ bá ń tọrọ àforíjì, àwọn òbí á gba ọmọ wọn padà. Mi ò gbà pẹ̀lú wọn nígbà náà, mi ò sì tíì gbà títí di òní.

Láti ọjọ́ yẹn ni ìbéèrè Bàbá ti ń tẹ̀ lé mi kiri: kí ló ń kà? Ó yà mí lẹ́nu bí nǹkan tí mo ti mọ̀ lórí ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Àwọn ohun mẹ́ta ló wà nínú átọ́ọ̀mù. Pírótọ́ọ̀nù, tó ní iná pọ́sítíìfù, àti niútírọ́ọ̀nù, tí kò ní iná kankan, ló jọ wà nínú kókó, ìyẹn àárín átọ́ọ̀mù gan-an. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, tó ní iná nẹ́gátíìfù, ló wà níta. Gbogbo wa la kọ ìyẹn sínú ìwé. Ohun tí wọn ò sọ fún wa, tàbí tí wọ́n sọ tí a ò gbọ́, ni pé iṣẹ́ tí oníkálukú ń ṣe yàtọ̀. Iye pírótọ́ọ̀nù ló ń sọ ẹni tí átọ́ọ̀mù jẹ́. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, àgàgà èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá, ló ń sọ ìwà rẹ̀ láàárín ẹgbẹ́. Niútírọ́ọ̀nù ní tirẹ̀, ó ń bá wọn fi kún ìwúwo, ó sì ń bá wọn di kókó náà mú kó má tú ká. Ìwúwo lèmi ti ń wò títí di ìgbà yẹn bí ẹni pé òun ni baba gbogbo wọn.

Bàbá náà tún bá mi wí lórí àwòrán tí mo máa ń yà. Mo ya átọ́ọ̀mù bíi gbogbo ayé ṣe ń yà á: kókó ràbàtà láàárín, òrùka méjì mẹ́ta yí i ká. Wọ́n wò ó, wọ́n ní kókó yẹn ti tóbi jù, pé bó bá tóbi tó bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Manchester kì bá tí yọrí síbi tó yọrí sí. Ní 1909, Geiger àti Marsden, lábẹ́ ọ̀gá wọn Rutherford, ń ta ìtànṣán alpha, àwọn hóró kéékèèké tó ní iná pọ́sítíìfù, lu wúrà tí wọ́n ti lù pẹlẹbẹ títí ó fi fẹ́lẹ́ ju tákàdá lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìtànṣán náà kọjá gba inú wúrà bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ọ̀kan á ta padà sẹ́yìn. Nígbà tó di 1911, Rutherford sọ ohun tó fa á: ohun kékeré kan wà láàárín, tó le, tó wúwo, òun ló gbé gbogbo iná pọ́sítíìfù, ìyókù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òfìfo. Bí a bá fẹ átọ́ọ̀mù wúrà kan títí tó fi gùn tó pápá bọ́ọ̀lù, kókó rẹ̀ ò ní ju hóró ẹ̀wà lọ. Inú hóró ẹ̀wà yẹn sì ni ìwúwo wà, nítorí pírótọ́ọ̀nù kan ṣoṣo wúwo tó ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù bí 1,836.

Mo ti ronú kan òrùka wúrà tó wà lọ́wọ́ ìyá mi lẹ́yìn náà, pé òfìfo ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mi ò sọ fún wọn.

Ti òrùka inú àwòrán náà ńkọ́? Fún ọdún mélòó kan, mo ń sọ fún àwọn ọmọ pé bí ayé ṣe ń yí oòrùn ká ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe ń yí kókó ká. Bohr, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Denmark, lo irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ní 1913, ó sì ṣiṣẹ́ dé ibì kan, àmọ́ àwọn onímọ̀ ti kọjá ibẹ̀ láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó lè tọ́ka sí ọ̀nà tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń tọ̀. Ibi tó ṣeé ṣe ká ti bá a nìkan la lè sọ. Mo ṣì ń ya òrùka náà fún àwọn ọmọ SS1, torí ó rọrùn fún wọn láti kà á: méjì ní ìpele kìíní, mẹ́jọ ní ìkejì, mẹ́jọ ní ìkẹta, fún 20 tí à ń kọ lórin. Mo kàn ń sọ fún wọn pé àwòrán ni, kì í ṣe fọ́tò.

Ìgbà tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ni ìwúwo tàn jẹ.

Mendeleev, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, to tábìlì rẹ̀ jáde ní 1869. Ẹ́límẹ́ǹtì 63 péré ni wọ́n mọ̀ nígbà yẹn. Kò mọ pírótọ́ọ̀nù, kò mọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, tí Thomson ò fi hàn títí di 1897. Niútírọ́ọ̀nù ò sì fara hàn títí di 1932 tí Chadwick rí i. Nǹkan méjì ló wà lọ́wọ́ Mendeleev: ìwúwo àti ìwà. Èwo ló ń jó? Èwo ló ń bá oxygen pọ̀, ìlọ́po mélòó? Ó tò wọ́n láti orí èyí tó fúyẹ́ lọ sórí èyí tó wúwo, ó sì rí i pé ìwà kan náà ń padà wá lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, bí ọjọ́ ọjà ṣe ń yí po. Ibi tí ìwà ò bá ti bára mu, kò fipá mú un. Ó fi àlàfo sílẹ̀, ó ní ẹni tó ni àyè yìí ń bọ̀.

Ní 1875, Lecoq de Boisbaudran ní ilẹ̀ Faransé rí ọ̀kan nínú àwọn tí à ń retí, ó sọ ọ́ ní gallium. Ó wọ̀n ọ́n, ó ní ó wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 4.7. Mendeleev, tí kò fojú kan gallium rí láyé rẹ̀, ránṣẹ́ sí i pé kó lọ tún un wọ̀n dáadáa, pé bíi 5.9 ló yẹ kó jẹ́. Ó fọ̀ ọ́ mọ́, ó tún un wọ̀n: 5.9. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé gallium yìí máa ń yọ́ tí ooru bá ti tó bí 30°C, nítorí náà bí ẹ bá gbé e sórí tábìlì ní Ìbàdàn ní ọ̀sán oṣù Kẹta, ṣíbí ni kẹ́ ẹ fi wá a. Scandium tẹ̀ lé e ní 1879, germanium ní 1886, àwọn méjèèjì sì bọ́ sínú àlàfo tí wọ́n ti fi sílẹ̀ dè wọ́n.

Síbẹ̀ tábìlì náà ní ibi tó ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Tellurium wúwo ju iodine lọ, 127.6 sí 126.9. Bí wọ́n bá tẹ̀ lé ìwúwo, iodine ló yẹ kó ṣíwájú. Ṣùgbọ́n ìwà iodine jọ ti chlorine àti bromine pátápátá. Mendeleev tẹ̀ lé ìwà, ó fi tellurium síwájú, ó sì ní ó ní láti jẹ́ pé ẹni tó wọn tellurium ló ṣì í. Ẹni náà ò ṣì í. Ìdí abájọ fara hàn ní 1913, nígbà tí Moseley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ìtànṣán X yẹ àwọn ẹ́límẹ́ǹtì wò lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì rí i pé nọ́ńbà kan wà tó ń gòkè ní ọ̀kan-ọ̀kan láti orí èyí dé orí èyí tó tẹ̀ lé e, tí kò ní ààbọ̀, tí kò fo nǹkan. Nọ́ńbà yẹn lohun tí kókó gbé ní ti iná: 52 fún tellurium, 53 fún iodine. Iye pírótọ́ọ̀nù ni. Ìwúwo tellurium kàn pọ̀ torí niútírọ́ọ̀nù rẹ̀ pọ̀ ni. Moseley kú sójú ogun ní Gallipoli, nílẹ̀ Tọ́kì, ní 1915. Ọmọ ọdún 27 ni.

Mo ka ibi yìí ní ilé ìkàwé ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo sì pa ìwé náà dé. Mendeleev, tí orí rẹ̀ pé jù bẹ́ẹ̀ lọ, bá 35.5 tirẹ̀ jìjàkadì láìmọ ohun tó ń kà. Ó wù mí kí n lọ sọ fún Bàbá Olùkọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti rèwàlẹ̀ àsà ní ọdún kan ṣáájú.

Irú rẹ̀ kan wà nínú 20 tí à ń kọ lórin, ojú mi kò sì rí i láti ọdún yìí wá. Argon wọn 39.95, potassium wọn 39.10, síbẹ̀ argon ló ṣíwájú. Argon ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 18: 2, 8, 8. Ilé rẹ̀ ti kún, kì í bá ẹnikẹ́ni da nǹkan pọ̀. Wọ́n ń rọ ọ́ sínú gílóòbù iná torí pé kò ní bá wáyà inú rẹ̀ jà. Potassium ní 19: 2, 8, 8, 1. Ọ̀kan ṣoṣo tó lé yẹn, ó jìnnà sí kókó, ó ń wá ibi tó máa lọ. Ju potassium sínú omi, á gbaná lójú ẹsẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló wà láàárín ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ àti oníjàgídíjàgan.

Ọ̀rọ̀ potassium yìí ló tún dójú tì mí lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tí mo lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, mo fẹ́ kí àwọn ọmọ rí i pé ohun tí à ń kọ́ kò jìnnà sílé. Mo mú kán-ún dání, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú ewédú kó lè yọ̀, tí wọ́n sì ń fi sínú ẹ̀wà kó lè tètè jinná. Mo gbé e sókè, mo ní, "Potassium rèé." Kí ló dé tí mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀? Gbogbo ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì lọ́jà ní Nàìjíríà ló ń pe kán-ún ní potash. Àwọn ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó ku bí oṣù mẹ́ta kí n jáde nílé ẹ̀kọ́ ni mo dán an wò fúnra mi nínú láàbù. Mo ra kán-ún ₦20 ní ọjà Bódìjà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń se ọṣẹ dúdú ní Òǹdó sì ti fún mi ní eérú èèpo kòkó tí mo dì sínú ọ̀rá. Ohun tí à ń ṣe ni pé a ó ti wáyà tín-ín-rín bọ inú ásíìdì, a ó fi iná jó o títí kò fi ní mú àwọ̀ wá mọ́, lẹ́yìn náà a ó fi kan ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò, a ó sì gbé e padà sínú iná. Mo fi kan kán-ún. Iná náà pọ́n rokoṣo, àwọ̀ ìyeyè, bí ọsàn tó ti pọ́n. Sodium nìyẹn. Mo ní bóyá mi ò fọ wáyà náà mọ́. Mo tún un ṣe. Sodium náà ni.

Mo fi kan eérú. Ìyeyè náà! Mo ti fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n, nígbà tí ẹni tó ń ṣọ́ láàbù, tó ti ń wò mí láti ẹ̀yìn, na gíláàsì búlúù kékeré kan sí mi. Cobalt ló fún gíláàsì náà ní àwọ̀. Ó ní sodium díẹ̀ ti tó láti bo gbogbo ojú iná, pé kí n wò ó gba inú gíláàsì, torí gíláàsì náà kì í jẹ́ kí ìyeyè kọjá. Mo wò ó. Ìyeyè lọ, ohun tó kù nínú iná eérú jẹ́ elésè àlùkò tó rọ̀, bí òdòdó kan tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Mo yára fi kán-ún sínú iná, mo gbé gíláàsì sójú: kò sí nǹkan kan tó ṣe gúnmọ́. Eérú Òǹdó ló gbé potassium. Kán-ún, sodium ló pọ̀ nínú rẹ̀.

Nígbà tí mo wá ìtumọ̀ orúkọ wọn, ó dà bí ẹni pé ẹnìkan mọ̀ọ́mọ̀ fi wọ́n dá àpárá. Láyé àtijọ́ ní Yúróòpù, wọn a máa sẹ́ omi gba inú eérú igi, wọn a sè é nínú ìkòkò irin títí omi á fi gbẹ; ohun tó bá kù ni wọ́n ń pè ní potash, eérú ìkòkò. Nínú rẹ̀ ni Humphry Davy ti fi iná mànàmáná tú irin tuntun kan jáde ní London ní 1807, tó sì sọ ọ́ ní potassium. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó tú sodium jáde. K tí wọ́n fi ń kọ potassium, kalium ni, láti inú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó túmọ̀ sí eérú ewéko. Na tí wọ́n fi ń kọ sodium, natrium ni, láti ara natron, iyọ̀ ilẹ̀ tí àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ń fi gbẹ òkú. Kán-ún tí wọ́n ń kó bọ̀ láti etí adágún Chad, ìdílé natron yẹn ló ti wá. Nítorí náà Na tó wà lójú tábìlì, orúkọ kán-ún ni. K tó wà lábẹ́ rẹ̀, orúkọ eérú ni. Ọjà wa kàn gbé orúkọ eérú fún kán-ún.

Mi ò sì dá ọjà lẹ́bi. Sodium 2, 8, 1. Potassium 2, 8, 8, 1. Ọ̀kan ṣoṣo ló gbẹ̀yìn àwọn méjèèjì, nítorí náà ni wọ́n fi wà ní òpó kan náà lójú tábìlì. Àwọn méjèèjì á yọ̀ lọ́wọ́, wọ́n á gé ọ̀rá, wọ́n á jẹ́ kí ẹ̀wà rọ̀. Èèyàn ní láti fara balẹ̀ kó tó mọ èyí tó jẹ́ àgbà. Ẹni tó bá sì ń se ọṣẹ mọ̀ ọ́n láìwo tábìlì kankan. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti sọ ọ́ lójú mi nígbà tí mo wà ní kékeré, mi ò kàn ní etí tí mo fi gbọ́ ọ: ọṣẹ kọ́sítìkì máa ń le gbagidi, ti eérú máa ń rọ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Kọ́sítìkì, sodium ni. Eérú, potassium ni.

Nísinsìnyí tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà fún ọdún púpọ̀, mi ò jẹ́ kí kíláàsì mi kọ orin 20 yẹn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Mo máa ń gé káàdì, mo kọ ìwà ẹ́límẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan sí i láìkọ orúkọ, mo sì fi mẹ́ta pamọ́ sápò. Kí wọ́n tò ó, kí wọ́n sọ irú ẹni tó yẹ kó wà nínú àlàfo. Ariwo tó máa ń sọ níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Wọ́n á wá kọ orin náà lẹ́yìn rẹ̀. Orin dára, ìdánwò ò kúkú ní dúró dè wọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá sì dá nọ́ńbà kan lójú mi, ó ti mọ ohun tí mo máa bi í.

Lọ́dún tó kọjá mo lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Òǹdó. Mo bá wọn nídìí iná, ajere eérú wà lápá kan, omi pupa dúdú ń kán tó, tó, tó sínú korobá lábẹ́ rẹ̀, agbada sì ń hó. Mo kúnlẹ̀ tì wọ́n, mo ní ẹ kú iṣẹ́ mà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wọn pé ohun tó wà nínú omi yẹn, òyìnbó kan ní London fi iná mànàmáná yọ ọ́ jáde ní 1807, ó sì fi orúkọ eérú inú ìkòkò pè é, òun ló wà lójú tábìlì tí gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ láyé ń kà.

Wọ́n gbọ́ mi tán. Wọ́n fi ìka kan omi náà, wọ́n fi kan ahọ́n, wọ́n tu ú dànù.

"Nígbà yẹn, ìyá ìyá ta ló ń sè é fún un?"

Mo ní mi ò mọ̀ mà.

"Àjàní, omorogùn rèé. Máa rò ó, kó má jóná."